Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò lè fi hàn wá nípa ìgbà ìkẹyìn

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíláàsì Bíbélì, kò sí ìwé tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè lé lórí tó ìwé Ìfihàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ka orí mẹ́ta nínú rẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n lè ṣàpèjúwe ogun Amágẹ́dónì, wọ́n mọ irú aṣọ tí Aṣòdì-sí-Kristi yóò máa wọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ̀ òfurufú yóò máa já lulẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá gba àwọn onígbàgbọ́ sókè. Bí mo bá béèrè ibi tí wọ́n ti kà á, wọ́n á ní àwọn kò kà á, àwọn wò ó ni. Ìdáhùn yìí ni ó mú kí èmi náà jókòó ti àwọn ètò wọ̀nyí pẹ̀lú Bíbélì tí mo ṣí sílẹ̀ níwájú mi: èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ayé ṣe àti èyí tí àwọn Kristẹni ṣe, fíìmù àti ètò ìwádìí, ti àtijọ́ àti ti òde òní. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé Jésù ń padà bọ̀, ó sì ń dùn mí pé ìrètí tí ó tóbi jù lọ tí Ìjọ ní ti di ohun tí ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ Ìjọ fúnra wọn.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo mélòó kan nínú àwọn ètò ìwádìí náà yóò rí i pé ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Orin abẹ́lẹ̀ tí ó wúwo ni yóò kọ́kọ́ dún, iná àti èéfín yóò gba ojú àwòrán, ohùn ọkùnrin kan yóò sì ka ìdajì ẹsẹ Bíbélì kan láìsọ orí tí ó ti mú un. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ìjì, omíyalé, òkè tí ń yọ iná, ogun àti àjàkálẹ̀ àrùn yóò máa tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, tí òǹwòran kò fi ní ráyè béèrè ohun tí ìjì inú àwòrán yìí ní í ṣe pẹ̀lú ẹsẹ tí wọ́n kà. Ìgbà náà ni atọ́kùn ètò yóò wá béèrè bóyá ìran tiwa yìí ni àwọn wòlíì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní dáhùn. Ìpolówó ọjà yóò wọlé, bí wọ́n bá sì padà dé, wọn yóò tún ìbéèrè náà gbé dìde pẹ̀lú àfikún díẹ̀, títí tí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè yóò fi di òdodo ní ọkàn ẹni tí ń wò ó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú ẹ̀rí kan jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀, mo sì ń wá ibi tí Bíbélì ti dáhùn wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ tí wọ́n ka ìdajì rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà, ní ìdajì tí wọn kò kà. Ẹ jẹ́ kí a mú Mátíù 24:6, èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa kà dé ibi tí ọ̀rọ̀ ogun àti ìròyìn ogun wà. Ohun tí Jésù fi kún un nínú ẹsẹ kan náà ni pé kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ má ṣe jáyà, pé nǹkan wọ̀nyí kò lè ṣàìṣẹ, ṣùgbọ́n òpin kò tíì dé. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti fi ọkàn wọn balẹ̀ ni. Ètò tẹlifíṣọ̀n wá gé e ní ibi tí ìfọ̀kànbalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi èyí tí ó kù kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ti ayé tún ní àṣà mìíràn tí kò dára, èyí ni pé wọn kì í jẹ́ kí Jòhánù tí ó kọ ìwé Ìfihàn sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Wọ́n máa ń to ìwé Ìfihàn sí ẹ̀gbẹ́ Nostradamus, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ewì àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1555, àti sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà àwọn ará Maya, ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ṣáájú 21 Oṣù Kejìlá ọdún 2012, irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ìparí sáà kan nínú ìṣirò ọjọ́ àwọn Maya ni ọjọ́ náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọdún ṣe ń parí tí òmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà pọ̀ débi pé àjọ NASA, tí ń rí sí ìwádìí òfurufú ní Amẹ́ríkà, ní láti kọ ìdáhùn jáde fún àwọn tí ń béèrè bóyá ayé yóò parun. Ọjọ́ náà kọjá, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ti Nostradamus náà rí bẹ́ẹ̀: lára àwọn ìlà tí wọ́n pín káàkiri lẹ́yìn ìkọlù 11 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà pé òun ni ó kọ wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánádà ni ó kọ díẹ̀ nínú wọn ní ọdún mélòó kan ṣáájú, láti fi hàn bí ó ṣe rọrùn tó láti kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú tí kò ní imú, tí a lè lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Mo ka èyí sí ìpalára tí ó burú ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù lè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí a ti kọ́ láti rí Jòhánù àti kàlẹ́ńdà Maya lórí ìlà kan náà, bí ọ̀kan bá ti kùnà lójú rẹ̀, gbogbo ìyókù ni yóò dà nù. Diutarónómì 18:22 ti fún wa ní òṣùwọ̀n wòlíì tí ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ Olúwa tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣẹ: ìkùgbù ni ó fi sọ ọ́, kí a má ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Kò sí ètò kan tí mo wò tí ó lo òṣùwọ̀n yìí fún àwọn tí ó pè wá sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn wòlíì Bíbélì kì í sọ̀rọ̀ kí a lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lásán. Àwọn olówó tí ń fìyà jẹ tálákà ni Ámósì bá wí, ìlú tí ó gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́ḿpìlì tí ó sì ń hùwà búburú ni Jeremáyà kìlọ̀ fún. Ìrònúpìwàdà ni wọ́n ń wá. Mo ti wo ètò ìgbà ìkẹyìn tí ó gùn dáadáa láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo èyí kò tó ohun tí ó ká mi lára jù lọ, èyí tí ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè sọ ọ́ dáadáa fún kíláàsì mi. Kámẹ́rà mọ bí a ṣe ń fi ìparun hàn, kò mọ bí a ṣe ń fi ìjọsìn hàn, bẹ́ẹ̀ ìjọsìn ni ó wà ní àárín gbùngbùn ìwé Ìfihàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń ka ìwé náà lórí tẹlifíṣọ̀n: wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Pátímọ́sì ní orí 1, wọn yóò sì fò lọ sí àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní orí 6. Orí 4 àti 5 tí wọ́n fò ni ìtẹ́ náà wà, ibẹ̀ ni àwọn àgbààgbà ti ń bọ́ adé wọn sílẹ̀, tí Jòhánù sì ń sọkún nítorí a kò rí ẹnikẹ́ni tí ó yẹ láti ṣí ìwé náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sọ fún un pé kí ó má sọkún, Kìnnìún ẹ̀yà Júdà ti borí. Ó wá wò láti rí Kìnnìún, Ọ̀dọ́-Àgùntàn ni ó rí, ó dúró bí èyí tí a ti pa. Ọwọ́ Ọ̀dọ́-Àgùntàn yìí ni ìwé náà bọ́ sí, òun ni ó sì ń tú àwọn èdìdì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jáde kí ó tó tú èdìdì.

Ẹni tí a fi ẹṣin hàn láìfi Ọ̀dọ́-Àgùntàn hàn án, ayé tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni a fi hàn án. Ó dà bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń gbọ́ igbe obìnrin tí ń rọbí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé ọmọ ni ó ń bọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ ìrọbí ní Mátíù 24:8, kò sì pe àwọn wàhálà náà ní ikú ayé. N kò fẹ́ dá gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn olùdarí fíìmù lórí, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé le gan-an. Ta ni yóò ya Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí ó ní ìwo méje àti ojú méje, tí a ti pa tí ó sì wà láàyè, tí kò ní di ohun ìríra tàbí ohun ẹ̀rín? Ẹranko olórí méje rọrùn fún wọn láti yà, dírágónì pupa rọrùn, nítorí náà àwọn ni wọ́n gba gbogbo ojú àwòrán. Ìfihàn 1:3 pe ẹni tí ń kà á àti àwọn tí ń gbọ́ ní alábùkún fún, pẹ̀lú àwọn tí ń pa ohun tí a kọ sínú rẹ̀ mọ́. Ìwé tí ẹnì kan yóò máa kà sókè tí ìjọ yóò sì máa gbọ́ ni, etí ni a kọ ọ́ fún.

Ìdí nìyí tí a fi pinnu ní kíláàsì wa láti kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìjókòó kan, láìsí àlàyé, láìsí àwòrán, kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbà á kà fún ara wọn. Kò gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a parí, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ jù. Mo rò pé wọn yóò mẹ́nu kan ẹranko tàbí 666, nọ́ńbà ẹranko náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé àwọn kò mọ̀ pé orin pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ó yà òun lẹ́nu pé ẹsẹ kan ṣoṣo, orí 16 ẹsẹ 16, ni ó dárúkọ Amágẹ́dónì, nígbà tí òun ti wo fíìmù odindi nípa rẹ̀. Ọmọbìnrin kan béèrè pé nígbà tí àwọn ọ̀tá péjọ ní orí 19, ìgbà wo ni wọ́n ja ogun náà gan-an? A padà kà á. Idà tí ó ti ẹnu ẹni tí ó jókòó lórí ẹṣin funfun jáde ni gbogbo ohun tí a sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó. Ogun tí wọ́n fi wákàtí méjì yà nínú sinimá kò gba ẹsẹ mélòó kan lọ́wọ́ Jòhánù.

Ọ̀rọ̀ àmì ẹranko náà, èyí tí Ìfihàn 13 ní a ó fi sí ọwọ́ ọ̀tún tàbí iwájú orí àwọn ènìyàn, ni ó fa ìbéèrè tí n kò lè gbàgbé. Ọmọbìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá gba káàdì báńkì, ṣé mo ti gba àmì náà láìmọ̀ nìyẹn?" Ó ti wo ètò kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì lè sùn dáadáa mọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, jókòó, jẹ́ ká kà á papọ̀." A ka òpin orí 13, mo sì ní kí ó má dúró, kí ó tẹ̀ síwájú sínú orí 14 bí ẹni pé kò sí nọ́ńbà orí láàárín wọn. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé lẹ́yìn àmì ẹranko, ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e gan-an sọ nípa àwọn tí ó wà pẹ̀lú Ọ̀dọ́-Àgùntàn lórí òkè Síónì, tí a kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ Baba rẹ̀ sí iwájú orí wọn. Àmì méjì ni ó wà. Ti ẹni tí ènìyàn ń jọ́sìn fún ni a ń sọ, ẹnikẹ́ni kò sì gba ọ̀kankan nínú wọn nítorí pé ó ṣèèṣì. Mo tún fi Diutarónómì 6:8 hàn án, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Ísírẹ́lì kí wọ́n so òfin rẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti sí àárín ojú wọn, kí ó lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti iwájú orí ti wá.

Ní ọdún 1974 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka ìlà dúdú àti funfun tí ó wà lára ọjà ní ilé ìtajà kan ní Amẹ́ríkà, kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń pè é ní àmì ẹranko náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì báńkì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tí a lè fi sí abẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà. Ní gbogbo ìgbà ni a ń sọ fún àwọn ènìyàn pé èyí ni ó kẹ́yìn. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé gbogbo àkókò tí a fi ń ṣọ́ ọwọ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun tí ìfẹ́ owó àti ìbẹ̀rù aláṣẹ ti ń mú kí a tẹrí ba fún.

Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n sì ń pè ní Aṣòdì-sí-Kristi, ọkùnrin arẹwà olóṣèlú tí ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní gbọ̀ngàn àwọn orílẹ̀-èdè, kò sí ní ojú ìwé kankan nínú Bíbélì bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọ́n mú ìwo kékeré láti inú Dáníẹ́lì 7, ọkùnrin ẹ̀ṣẹ̀ láti inú Tẹsalóníkà Kejì orí 2, ẹranko tí ó ti inú òkun jáde láti inú Ìfihàn 13, wọ́n sì pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹnì kan. Orúkọ Aṣòdì-sí-Kristi kò sí nínú Ìfihàn rárá, inú lẹ́tà kìíní àti èkejì ti Jòhánù nìkan ni ó wà, ibẹ̀ ni ó sì ti sọ pé púpọ̀ wọn ti wà láyé ní àkókò tirẹ̀, pé àárín àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n ti jáde lọ, àti pé ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé wọ́n sẹ́ pé Jésù Kristi wá nínú ẹran ara. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àyọkà wọ̀nyí máa tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dìde ní ìkẹyìn; ọ̀pọ̀ Kristẹni láti ìgbà láéláé ni ó gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ òǹwòran ni láti mọ̀ pé àwọn olùtumọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Martin Luther pe ipò Póòpù ní Aṣòdì-sí-Kristi, àwọn mìíràn pe Napoleon bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ń nawọ́ sí Mussolini àti Hitler. Bí ojú wa bá ti dúró sí ààfin àwọn ọba nìkan, ẹ̀kọ́ èké tí Jòhánù ní kí a máa ṣọ́ yóò gba ẹ̀yìn wọlé sínú ìjọ.

Ní ti ìgbàsókè, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ni ó kọ́ mi. Àwọn fíìmù Kristẹni sábà máa ń fi í hàn ní ọ̀nà kan ṣoṣo: àwọn onígbàgbọ́ yóò pòórá lójijì, aṣọ wọn yóò kù sílẹ̀, ìpọ́njú ọdún méje yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà to ọ̀rọ̀ náà báyìí tàn kálẹ̀ nípasẹ̀ ìwàásù John Nelson Darby láti nǹkan bí ọdún 1830 síwájú, Bíbélì alálàyé tí Scofield tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1909 sì gbé e dé ibi gbogbo. Àwọn Kristẹni olóòótọ́ mìíràn wà tí wọ́n ka àwọn ẹsẹ kan náà tí wọ́n sì gbàgbọ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni Olúwa yóò fara hàn, tí òkú yóò jí, tí ìdájọ́ yóò sì wáyé. Ohun tí gbogbo wa jọ ń jẹ́wọ́ nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Nísíà ni pé yóò tún padà wá nínú ògo láti ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú, ìjọba rẹ̀ kì yóò sì lópin. Ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó sì ń wo tẹlifíṣọ̀n kò lè mọ̀ pé ìjíròrò yìí wà.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ìgbàsókè ni ohun tí àwọn fíìmù náà yọ kúrò. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ Tẹsalóníkà Kìíní orí 4, àwọn ènìyàn tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ó ń kọ̀wé sí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bóyá àwọn ará wọn tí ó ti kú yóò pàdánù ìpadàbọ̀ Olúwa. Ó dá wọn lóhùn pé àwọn òkú nínú Kristi ni yóò kọ́kọ́ jíǹde, ó sì parí rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara wọn nínú. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí mo wò, ibojì kan kò ṣí. Igbe àwọn tí ó ṣẹ́ kù ni a ń gbọ́, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ni a ń rí. Ọ̀dọ́ kan wà ní kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ó sì ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí a ka orí náà dé òpin ni ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun ni ó wà nínú rẹ̀. Ó bi mí léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ ọ́ fún òun rí, n kò sì rí ìdáhùn kan tí ó tẹ́ mi lọ́rùn láti fún un.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń dá ọjọ́. William Miller, oníwàásù ọmọ Amẹ́ríkà, ka ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8:14 sí ọdún, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi ojú sọ́nà fún Olúwa ní 22 Oṣù Kẹwàá ọdún 1844; ìbànújẹ́ ọjọ́ náà ni a ń pè ní Ìjákulẹ̀ Ńlá títí di òní. Harold Camping lo rédíò àti pátákó ńláńlá lẹ́bàá títì láti kéde 21 Oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó tún sún un sí Oṣù Kẹwàá, ní ọdún 2012 ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣìnà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjẹ́wọ́ yẹn, ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ó ń bọ̀ wá sórí tẹlifíṣọ̀n lónìí gbọ́n díẹ̀, wọn kì í dárúkọ ọjọ́, wọ́n á kàn ní ó kù díẹ̀. Lúùkù 21:8 ka àwọn tí ń wí pé àkókò kù sí dẹ̀dẹ̀ mọ́ àwọn tí Jésù ní kí a má ṣe tẹ̀ lé. Ẹsẹ yẹn yẹ kí ó mú kí olúkúlùkù wa tí ń di gbohùngbohùn mú wárìrì. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìṣe 1, ó ní kì í ṣe tiwọn láti mọ àkókò tàbí ìgbà, ó sì rán wọn níṣẹ́ ẹlẹ́rìí dé òpin ilẹ̀ ayé.

Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ti ayé tí n kò bá ti àwọn Kristẹni wí, mo ti ṣe ojúsàájú. Ó pọ̀ nínú àwọn ètò tiwa tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí oníwàásù bá ti fi máàpù ogun hàn tán, nọ́ńbà tí a ó pè láti ra fídíò tàbí oúnjẹ tí a ó kó pamọ́ fún ọjọ́ ìpọ́njú ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rù bá lè ta ọjà, ẹni tí ń tà á kò ní fẹ́ kí ẹ̀rù náà tán. Pétérù wo ìparun ọ̀run àti ayé ní ojú nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì, orí 3, ìbéèrè tí ó sì mú jáde níbẹ̀ ni irú ènìyàn tí ó yẹ kí a jẹ́ nínú ìwà mímọ́ àti ìwà-bí-Ọlọ́run. Àwọn ará Tẹsalóníkà pàápàá ti ní irú ìdààmú yìí: ẹnì kan mú lẹ́tà wá bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù ni ó kọ ọ́, pé ọjọ́ Olúwa ti dé, àwọn kan láàárín wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkàn wọn tètè mì, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ara wọn. Mo mọ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí ètò kan tí ó wò. Lẹ́tà kejì sí Tẹsalóníkà ni mo fún un kà, mo sì dúpẹ́ pé ó padà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní kí a pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ètò kan wà tí ó ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àwọn sì ni èyí tí ó gbé kámẹ́rà lọ sí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ dípò kí ó ya ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mi rí ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun Titus, ọ̀gágun Róòmù tí ó ṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù, ní Róòmù, tí wọ́n rí àwòrán àwọn ọmọ ogun tí ń ru ọ̀pá fìtílà tẹ́ḿpìlì lọ lára òkúta, Mátíù 24:2 yé wọn lọ́nà tí àlàyé mi kò lè fi yé wọn. Jésù sọ pé a kì yóò fi òkúta kan sílẹ̀ lórí èkejì, àwọn ará Róòmù sì wó tẹ́ḿpìlì náà ní ọdún 70, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Wọ́n rí àwókù ìlú Éfésù. Wọ́n rí àwọn ìwé kíká tí a rí létí Òkun Òkú láti ọdún 1947, tí ẹ̀dà ìwé Dáníẹ́lì wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ pé bí a bá fi lẹ́tà Hébérù kọ orúkọ Késárì Nero, olú ọba Róòmù, iye rẹ̀ jẹ́ 666, àti pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ mélòó kan kọ 616. Yálà a gbà á tàbí a kò gbà á, ó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ronú nípa àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìwé náà, àwọn tí wọ́n lè pàdánù ẹ̀mí wọn nítorí pé wọn kò pe Késárì ní olúwa.

Ní báyìí, bí ẹnì kan bá mú ìròyìn ètò tuntun wá sí kíláàsì, a máa ń wò ó papọ̀ bí àyè bá wà. A máa ń dá a dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ka Ìwé Mímọ́, a ó ka gbogbo orí náà, a ó béèrè ẹni tí a kọ́kọ́ bá sọ ọ́ àti ohun tí a ní kí ó ṣe, lẹ́yìn náà ni a ó jẹ́ kí ètò náà máa lọ. Ètò tí kò ní òtítọ́ nínú kì í pẹ́ kí ó tó sú wọn bí a bá wò ó báyìí. Mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké wo èyí tí ó ní ẹ̀rù nínú, kí wọ́n kọ́kọ́ ka Ìfihàn 21 àti 22 fún wọn, ìlú tí ẹnubodè rẹ̀ kì í tì, Ọlọ́run tí ń nu omijé nù, ewé igi tí ó wà fún ìwòsàn àwọn orílẹ̀-èdè. Lẹ́tà sí àwọn ìjọ méje tí ó wà ní orí 2 àti 3 ni a ń kà lọ́wọ́ báyìí. A ti kúrò lórí ti Éfésù, ìjọ tí ó dán àwọn èké àpọ́sítélì wò tí ó sì rí wọn ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n tí ó ti fi ìfẹ́ rẹ̀ ìṣáájú sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ti Símínà ni yóò kàn, àwọn ọ̀dọ́ náà ti béèrè pé ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí àyè lè wà láti gbàdúrà fún àwọn Kristẹni tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí ìgbàgbọ́ wọn.